Ìnira àti Ìfura: Àlàyé lórí Jíìnì WSC1 ti Ìwúkàrà àti Àwọn Ìperí tí Ó Bá A Mu

1. Ìfáárà

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn olùkọ́ kan bẹ̀ mí pé kí n bá wọn tú ojú-ìwé mẹ́rin nípa ìwúkàrà sí èdè Yorùbá. Mo bá gbólóhùn kan pàdé níbẹ̀ tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa jíìnì tí ó ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ìwúkàrà mọ̀ nígbà tí ògiri rẹ̀ bá wà nínú ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní stress. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó kọ wàhálà sí i. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ náà fi ojú-ìwé wọ̀nyí kọ́ àwọn ọmọ, tí ó sì bi wọ́n léèrè nínú ìdánwò, ọmọ kan dáhùn pé àwọn ìwúkàrà a máa bá ara wọn jà lẹ́bàá ògiri, jíìnì náà a sì máa là wọ́n níjà. Òdo ni ọmọ náà gbà. Olùkọ́ náà mú ìwé rẹ̀ wá fún mi, a sì jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún ohun tí mo kọ kà, mo rí i pé ọmọ náà kò ṣì mí gbọ́. Ohun tí mo sọ ni ó gbọ́. Èmi ni òdo náà tọ́ sí.

Ìdí nìyí tí a fi kọ àpilẹ̀kọ yìí. A fẹ́ ṣàlàyé ohun tí jíìnì náà, WSC1, ń ṣe nínú ìwúkàrà, lẹ́yìn náà kí a wá yẹ àwọn ìperí tí a lè fi sọ ọ́ wò. Èrò tiwa ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ ṣẹ̀dá ìperí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ohun náà ń ṣe. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi pè é nìkan kò tó láti fi ṣe ìpìlẹ̀.

2. Ìwúkàrà àti ògiri rẹ̀

Ìwúkàrà kì í ṣe àjèjì sí wa. Òun ni ó ń mú kí ìyẹ̀fun tí a pò fún búrẹ́dì wú. Òun náà sì wà lára àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tìn-tín tí ó ń mú kí ẹmu máa hó kí ó sì máa le sí i láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá lo ọ̀rọ̀ náà, níbi tí wọ́n ti pe búrẹ́dì ní àkàrà. Bí a bá tú u palẹ̀, ì- + wú + àkàrà ni, èyíinì ni ohun tí ó ń mú àkàrà wú. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. A ó padà sórí kókó yìí.

Èyí tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín ni Saccharomyces cerevisiae, ìwúkàrà àwọn aṣebúrẹ́dì àti àwọn apọntí. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni odindi ẹ̀dá náà. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ìbú ìwúkàrà kan kò ju nǹkan bí 5 lọ nínú rẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́ kan yí inú sẹ́ẹ̀lì náà ká. Lẹ́yìn awọ yìí ni ògiri wà. Nínú gbogbo ìwọ̀n ìwúkàrà tí a ti yọ omi rẹ̀ kúrò, ògiri nìkan a máa kó nǹkan bí 15 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun mẹ́ta ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀: gúlúkáànì, tí ó jẹ́ ṣúgà tí a so pọ̀ gùn bí okùn, púrọ́tíìnì tí ṣúgà mánósì bò lára, àti káítìnì díẹ̀, irú ohun tí ó wà nínú èèpo akàn àti ti kòkòrò.

Kí ni ìwúkàrà ń fi ògiri ṣe? Iyọ̀ àti ṣúgà inú sẹ́ẹ̀lì sábà máa ń ki ju ti omi tí ó yí i ká lọ, nítorí náà omi a máa wá ọ̀nà wọlé. Ẹni tí ó bá ti rẹ ẹ̀wà sómi rí mọ bí ó ti ń wú títí èèpo rẹ̀ yóò fi là. Bákan náà ni ìwúkàrà ìbá là bí kò bá sí ògiri tí ó ń tì í padà. Síbẹ̀, ògiri yìí kò lè dá le gbagidi bí ògiri amọ̀. Ìwúkàrà ń dàgbà, ó sì ń bí ọmọ nípa yíyọ kókó lára. Nígbàkígbà tí ó bá fẹ́ yọ kókó, ó níláti tú ibì kan nínú ògiri kí ó sì tún un hun. Agbọ̀n tí à ń hun lọ́wọ́ tí ẹrù sì ti wà nínú rẹ̀ ni a lè fi í wé. Bí ahunṣọ tàbí ahunagbọ̀n kò bá mọ ibi tí ó ti fẹ́ já, ẹrù yóò dà sílẹ̀. Ibí yìí ni WSC1 ti wúlò.

3. Orúkọ jíìnì náà

Ní 1997 àti 1998, ẹgbẹ́ olùwádìí tí ó ju ẹyọ kan lọ ni ó ṣàpèjúwe jíìnì yìí, oníkálukú láti ọ̀nà tirẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀ ó gba orúkọ mẹ́ta: WSC1, HCS77 àti SLG1. WSC1 ni a ó lò. Lẹ́tà W inú rẹ̀ dúró fún wall, S fún stress, C fún component.

Ó tún ní orúkọ kẹrin tí ó yẹ kí ó dùn mọ́ onímọ̀ ẹ̀dá-èdè nínú, nítorí pé gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ni ó ní ìtumọ̀: YOR008C. Y ni ó dúró fún ìwúkàrà. O jẹ́ lẹ́tà kẹẹ̀ẹ́dógún nínú ábídí Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń sọ fún wa pé orí kúrómósóòmù kẹẹ̀ẹ́dógún ni jíìnì náà wà nínú 16 tí ìwúkàrà ní. R ń tọ́ka sí apá ọ̀tún kúrómósóòmù náà. 008 ń sọ pé òun ni ìkẹjọ bí a bá ń kà á láti ibi ìsopọ̀ àárín. C ń tọ́ka sí ọ̀kan nínú okùn méjì tí ó lọ́ mọ́ra wọn nínú DNA, èyí tí wọ́n fi orúkọ Crick pè. Ìlànà yìí ni wọ́n fi ka gbogbo jíìnì ìwúkàrà, tí ó tó nǹkan bí 6,000, nígbà tí wọ́n parí kíka DNA rẹ̀ ní 1996.

Ìmọ̀ràn wa fún àwọn atúmọ̀ ni pé kí wọ́n má ṣe tú irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Orúkọ àbísọ ni, kì í ṣe ìperí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n pa ìlànà ìkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́: WSC1 tí a fi lẹ́tà ńlá kọ ni jíìnì, Wsc1 ni púrọ́tíìnì tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe láti inú jíìnì náà. Bí a bá da méjèèjì pọ̀, a ó máa sọ pé jíìnì wà lára ògiri, èyí tí kì í ṣe òtítọ́.

4. Iṣẹ́ tí Wsc1 ń ṣe

4.1 Ìrísí rẹ̀. Ámínò ásíìdì 378 ni a tò láti fi ṣe Wsc1. Ó ní ibi mẹ́rin. Orí rẹ̀ wà nínú ògiri. Ọrùn gígùn kan, tí ṣúgà mánósì bò tí ó sì jẹ́ kí ó le, so orí náà mọ́ ibi tí ó ti gba inú awọ fẹ́lẹ́ kọjá. Lẹ́yìn èyí ni ìrù kúkúrú wà nínú sẹ́ẹ̀lì. A rí i pé ohun kan ṣoṣo ni ó fi orí kan ògiri tí ó sì fi ìrù kan inú ilé.

Ní 2009, àwọn olùwádìí láti Jámánì àti Bẹ́ljíọ̀m tẹ ìwádìí kan jáde lórí rẹ̀. Wọ́n lo ẹ̀rọ kan tí kì í fi iná wo nǹkan bí kò ṣe pé ó ń fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ tọ́ ọ. Wọ́n fi ṣóńṣó náà mú ẹyọ Wsc1 kan lára ìwúkàrà tí ó wà láàyè, wọ́n sì fà á. Wọ́n rí i pé ó ń ṣe bí sípíríǹgì: bí agbára tí a fi fà á bá di ìlọ́po méjì, gígùn tí ó fi lé sí i náà yóò di ìlọ́po méjì. Nígbà tí wọ́n dí ìwúkàrà lọ́wọ́ láti fi ṣúgà bo ọrùn rẹ̀, ìwà sípíríǹgì yìí yí padà. Ní 2010, ìwádìí mìíràn fi hàn pé bí ìnira bá dé, àwọn Wsc1 a máa ṣù jọ sójú kan, orí wọn sì ṣe pàtàkì fún ìṣùjọ náà.

4.2 Bí iṣẹ́ ṣe ń dé inú sẹ́ẹ̀lì. Bí ògiri bá fà tàbí tí ó tín-ín-rín, Wsc1 a gba ìfà náà, ìrù rẹ̀ a sì kan Rom2. Rom2 a jí Rho1. Rho1 ń ṣe iṣẹ́ méjì. Ní ọ̀nà kìíní, ó wà lára ẹ́ńsáìmù tí ó ń ṣe gúlúkáànì, nítorí náà ó lè pàṣẹ pé kí ohun ìmọgiri máa jáde. Ní ọ̀nà kejì, ó ń jíṣẹ́ fún Pkc1. Pkc1 a jí Bck1. Bck1 a jí Mkk1 àti Mkk2. Àwọn wọ̀nyí a jí Slt2. Slt2 ni ó ń mú ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ Rlm1 nínú kóró sẹ́ẹ̀lì, níbi tí àwọn jíìnì wà. Rlm1 a sì mú kí àwọn jíìnì tí ó jẹ mọ́ ti ògiri bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó lè ya ènìyàn lẹ́nu pé òjíṣẹ́ pọ̀ tó báyìí. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ ti ń kọjá láti ọwọ́ kan sí èkejì ni sẹ́ẹ̀lì ń rí àyè láti fi kún un, láti dín in kù, tàbí láti pa á pọ̀ mọ́ iṣẹ́ tí ó gba ọ̀nà mìíràn wá.

Wsc1 nìkan kọ́ ni ó wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Wsc2, Wsc3, Mid2 àti Mtl1 náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Wsc1 àti Mid2 ni àgbà láàárín wọn. Ìwúkàrà tí kò bá ní méjèèjì kì í yè bí a kò bá ràn án lọ́wọ́.

4.3 Bí a bá yọ ọ́ kúrò. Ooru tí ó dára fún ìwúkàrà láti dàgbà jẹ́ nǹkan bí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí a bá yọ WSC1 kúrò lára rẹ̀, tí a sì gbé e sínú ooru 37 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà yóò bẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá da sọ́bítọ́ọ̀lù, irú ṣúgà kan, sínú omi tí wọ́n wà, wọn kò ní bẹ́ mọ́. Kí ló dé? Nítorí pé omi ìta ti ki bíi ti inú, ipá tí omi fi ń wọlé ti dínkù, ògiri tí kò lágbára sì lè gbà á. Èyí ni ó fi hàn dájú pé ti ògiri ni ọ̀ràn náà.

5. Àwọn ìperí

5.1 Ògiri tàbí odi? Àwọn kan lè fẹ́ odi, nítorí pé odi ni ó yí ìlú ká. Ìdí méjì ni a fi yan ògiri. Èkínní, ogun ìta ni a ń mọ odi dè. Ògiri ni ó ń gba ẹrù ilé dúró, gbígba ẹrù dúró sì ni olórí iṣẹ́ ti ìwúkàrà. Èkejì, odi náà ni à ń pe ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, ògiri tí à ń wí yìí sì ni a fẹ́ sọ pé ó ń ránṣẹ́. Kí olùkọ́ ṣáà rántí láti sọ fún àwọn ọmọ pé ògiri yìí ń nà, ó sì ń sún kì.

5.2 Jíìnì tàbí àbùdá? Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń lo àbùdá fún jíìnì. Ẹ wo gbólóhùn yìí:

(1) Àbùdá ìwúkàrà tí kò ní jíìnì WSC1 ni pé ó ń bẹ́ nínú ooru.

Bí a bá fi àbùdá rọ́pò jíìnì nínú (1), gbólóhùn náà yóò dàrú. Àbùdá ni ohun tí a rí lára ẹ̀dá. Jíìnì ni àṣẹ tí a kọ sínú DNA tí ó mú un wá. Ohun méjì ni, wọ́n sì nílò orúkọ méjì. Ọ̀rọ̀ àyálò ni jíìnì, ṣùgbọ́n ó ti bá ìró èdè wa mu.

5.3 Ìnira. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, stress, ní ìtumọ̀ púpọ̀. Lọ́dọ̀ àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, ó jẹ́ bí a ti ń tẹ ohùn mọ́ sílébù kan ju òmíràn lọ, ohun tí èdè olóhùn bíi tiwa kò fi í yàtọ̀ ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ àwọn ẹnjiníà, ó jẹ́ ipá tí ó wà lórí ìwọ̀n àyè kan. Lọ́dọ̀ àwọn dókítà, ó lè jẹ́ ti ara tàbí ti ọkàn. Ẹni tí ó bá ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo fún gbogbo wọn yóò pàdánù. Nínú ọ̀ràn ìwúkàrà, ooru lè fà á, oògùn lè fà á, omi tí ó ya wọlé lójijì lè fà á. Ibi tí gbogbo wọn ti pàdé ni pé ẹrù tí ògiri ń gbà fẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ.

Wàhálà, tí a yá lọ́wọ́ Hausa, jẹ mọ́ ohun tí ènìyàn ń bá ènìyàn ṣe. A ti rí ibi tí ó gbé mi dé. Ìdààmú jẹ mọ́ ọkàn. Ìfúnpá ń sọ ọ̀kan nínú àwọn okùnfà, kò sọ ìyókù. Àárẹ̀ ń sọ àbájáde. Ẹ wá wo ìwọ̀nyí:

(2) a. Ẹrù yìí ń ni mí lára.
b. Iṣẹ́ náà nira.
d. ìnira

Ìnira kò sọ ohun tí ó fà á, kò sì sọ ibi tí yóò já sí. Ó sọ bí ara ti rí lábẹ́ ẹrù. Ohun tí a ń wá gan-an nìyí. A dábàá ìnira ògiri.

5.4 Afura. Orúkọ tí ó nira jù ni ti irú ohun tí Wsc1 jẹ́, ohun tí ó ń mọ ìnira tí ó sì ń jẹ́ kí a mọ̀. Yorùbá ní ògiri létí, nítorí náà etí ògiri kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ìró kọ́ ni Wsc1 ń gbà, ìfà ni. Ọmọ tí ó bá gbọ́ etí yóò máa wá ohùn kiri. Gbọ́ fẹ̀ ju etí lọ lóòótọ́, nítorí pé à ń gbọ́ òórùn, à ń gbọ́ èdè. Síbẹ̀ a kì í gbọ́ pé okùn fẹ́ já kí ó tó ró. Amọ̀nira pẹ̀lú wá sọ́kàn, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ẹnu ó lè dàbí odindi gbólóhùn. Èyí tí ó kù ni fura:

(3) a. Ara fu mí.
b. Mo fura.
d. ìfura
e. afura

Bí ìnira ti ní ara nínú, bẹ́ẹ̀ ni ìfura. Ara ni ó ń nira. Ara náà ni ó ń fu. Fura tún ní ohun tí mọ̀ kò ní: ẹni tí ó fura ti rí àmì kí ohun náà tó ṣẹlẹ̀. Bí Wsc1 bá dúró títí ògiri fi bẹ́ kí ó tó jíṣẹ́, asán ni.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹni tí ó ní ọkàn nìkan ni ó lè fura. Èdè fúnra rẹ̀ ti dá wọn lóhùn: àjà kò fura, àjà jìn. Àjà kò ní ọkàn, síbẹ̀ àwọn àgbà ka àìfura sí i lọ́rùn. Ẹ̀yà ilé tí ó ń gba ẹrù dúró ni àjà sì jẹ́. Ní ti àfòmọ́ a-, kì í ṣe ènìyàn bí apẹja àti adájọ́ nìkan ni ó ń ṣẹ̀dá. Ó ṣẹ̀dá asẹ́ àti abẹ, tí í ṣe ohun èlò. Afura lè jẹ́ ohun èlò bákan náà.

Ìkìlọ̀ kan ni ó kù. Fura sí yàtọ̀ sí fura. Bí a bá sọ pé wọ́n fura sí ẹnì kan, ẹ̀sùn ti wà níbẹ̀. Nítorí náà kí a má ṣe kọ (4a). (4b) ni kí a kọ:

(4) a. *Wsc1 fura sí ìnira ògiri.
b. Wsc1 fura pé ògiri wà nínú ìnira.

5.5 Òjíṣẹ́ àti ìjíṣẹ́. Ìwọ̀nyí kò nílò àríyànjiyàn. Rom2, Rho1 àti àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn jẹ́ òjíṣẹ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni ìjíṣẹ́. Ibi tí iṣẹ́ ń gbà ni ipa-ọ̀nà ìjíṣẹ́.

6. Ìwúlò rẹ̀ fún ìlera

Ọ̀ràn yìí kò pin sí ẹmu àti búrẹ́dì. Àwọn kan nínú ẹbí olú àti ìwúkàrà, bíi Candida, a máa fa àrùn sí ènìyàn lára, pàápàá ẹni tí àìsàn mìíràn ti sọ di aláìlágbára. Sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kò ní ògiri. Nítorí náà oògùn tí ó bá ń ba ògiri jẹ́ lè pa wọ́n láì ṣe ènìyàn ní jàǹbá púpọ̀. Caspofungin, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2001, jẹ́ ọ̀kan nínú irú rẹ̀: ó ń dí iṣẹ́ ṣíṣe gúlúkáànì lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí ó jáde ní 2003 fi hàn pé ìwúkàrà ń lo ipa-ọ̀nà ìjíṣẹ́ tí a ṣàlàyé yìí láti fara da oògùn náà. Ògiri ń nira, afura ń fura, ilé sì ń gba àtúnṣe bí oògùn ti ń bà á jẹ́. Bí a bá lè dí àwọn afura lọ́wọ́, oògùn yóò ṣiṣẹ́ dáadáa sí i. Àwọn olùwádìí sì ti ń rò ó. Bí nọ́ọ̀sì tàbí olùkọ́ bá fẹ́ sọ èyí fún Yorùbá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ wo ni yóò lò? Bí ó bá ní wàhálà ni ó dé bá ògiri, ibi tí mo já sí ni òun náà yóò já sí.

7. Àsọkágbá

A ti rí i pé iṣẹ́ ni ó fún ìwúkàrà lórúkọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ èdè mìíràn. Ọ̀nà kan náà ni a gbà dé orí ìnira ògiri àti afura ògiri. Gbólóhùn tí ó yẹ kí n ti fún olùkọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo tún kọ báyìí:

(5) Bí ògiri ìwúkàrà bá wà nínú ìnira, Wsc1, tí í ṣe afura, yóò fura. Àwọn òjíṣẹ́ yóò sì jíṣẹ́ fún àwọn jíìnì pé kí wọ́n tún ògiri ṣe kí ó tó bẹ́.

Mo ti fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ náà, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó yẹ òdo ọmọ náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i. A kò sọ pé àbá wa ni òpin ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá ní ìperí tí ó dára ju afura lọ, kí ó kọ̀wé. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ fi ìperí rẹ̀ sínú gbólóhùn (5), kí ó kà á fún ọmọ kan, kí ó sì gbọ́ ohun tí ọmọ náà gbọ́.